Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: éékà kan tòmátì àti rodo, kànga kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀

Ọmọ Òkè-Ògùn | 3 oṣù Kẹwàá

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá, nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá, mi ò fẹ́ kó tún rí i mọ́.

Oko mi kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, éékà kan ni. Inú oṣù Kejìlá ni mo gbin tòmátì àti ata rodo sí gbogbo rẹ̀, mo gbójú lé odò kékeré tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà kọjá. Lọ́jọ́ tí mo ń gbìn ín, omi odò yẹn mù mí dé orúnkún. Nígbà tó fi di àárín oṣù Kejì, tí tòmátì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, òkúta ìsàlẹ̀ odò ti ń yá oòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra omi táńkà kí owó tó tán lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kórè kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo gbìn. Ìyàwó mi ló bá mi fa àwọn tó ti gbẹ tu. Ó ń fà wọ́n tu ni, kò sọ̀rọ̀ kankan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbẹ́ kànga. Rìǹgì mọ́kànlá ló wọ inú rẹ̀, omi sì wà níbẹ̀ dáadáa báyìí. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè ṣe ju ohun kan lọ nínú mẹ́ta: pọ́ǹpù ńlá, dírípù (okùn rọ́bà oníhò tó ń kán omi sí ìdí ohun ọ̀gbìn) tó máa ká éékà kan, tàbí kí n lọ gbẹ́ kànga dẹ́rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn. Tòmátì náà ṣì wà nínú nọ́sìrì, níbi tí a ti ń kọ́kọ́ hu irúgbìn, ó ti hù.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ | 3 oṣù Kẹwàá

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ó dùn mí dọ́kàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́.

Má tíì ra nǹkan kan. O ń bi wá léèrè ohun tí wàá fi fa omi, o ò sì tíì sọ iye omi tí o ní. Kànga oṣù Kẹwàá kì í ṣe kànga, nítorí òjò ṣì ń rọ̀, kò sí kànga tí kò ní kún. Kànga oṣù Kẹta ni tìẹ. Àkùrọ̀ ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ nílùú Ìbàdàn láti bí ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti rí kànga tó kún dé ẹnu ní Kẹwàá tí a ń fi agolo há omi inú rẹ̀ ní Kẹta.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Jí lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fà nínú rẹ̀. So òkúta mọ́ okùn, sọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi kan omi, ta okùn náà ní kókó. Wá fa omi náà títí yóò fi lọ sílẹ̀ mítà méjì, ta kókó kejì. Wo aago rẹ. Jókòó tì í. Wo iye wákàtí tí yóò gbà kí omi tó gùn padà ní mítà kan. Kí o sì wọn ìbú rìǹgì náà láti inú. Mú èsì rẹ̀ wá fún wa, ìgbà yẹn la ó lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ | 3 oṣù Kẹwàá

Mo kí Màmá, ṣùgbọ́n lójú tèmi ẹ̀gbọ́n ń fi àkókò ṣòfò lórí kànga ọwọ́. Kànga dẹ́rọ ni kí wọ́n gbẹ́. Ó jìn, kì í gbẹ, wàhálà parí.

Ará Ṣakí | 4 oṣù Kẹwàá

Àbúrò, kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àpáta ló wà lábẹ́ Òkè-Ògùn. Omi tó wà nísàlẹ̀ kò tẹ́ lọ bí omi inú abọ́. Ibi tí àpáta ti rà tó ti di yangí ló ń sá sí, tàbí ibi tí ó sán. Bí irin ìgbẹ́lẹ̀ bá bọ́ sí ojú sísán yẹn, o ti rí omi. Bó bá fi mítà márùn-ún yẹ̀ ẹ́, eruku funfun ni yóò máa tú jáde.

Èmi ti gbẹ́ méjì tí kò lómi rí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fún mi kò yẹ ilẹ̀ wò, ó kàn fi ẹsẹ̀ tọ́ka ni, "ibí yìí." Owó méjèèjì wọlẹ̀. Ìkẹta ni mo tó pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, tí wọ́n ń na wáyà, tí wọ́n ń kan irin mọ́lẹ̀ níbi mélòó kan, kí wọ́n tó sọ ibi tó yẹ. Ìyẹn ló lómi. Ẹni tí kò bá lówó àyẹ̀wò, kó má tíì dá kànga dẹ́rọ lé.

Ẹnjiníà Poro | 4 oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ mi ni ètò omi oko, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún ohun tí Màmá sọ.

Bí omi bá ga ní mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti òró, lítà 1 gééré ni. Ẹ di èyí mú, gbogbo ìyókù ti ibẹ̀ wá. Tòmátì tó ń so nínú oòrùn oṣù Kejì máa ń mu tó mìlímítà 5 lójúmọ́. Éékà kan tó nǹkan bí 4,047 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: ó lé ní lítà 20,000 lójoojúmọ́.

Èyí tó dé gbòǹgbò nìyẹn o. Bí a bá ń da omi sínú poro, nínú 100 lítà, bí 60 ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù á rì lọ tàbí kí oòrùn gbé e. Éékà yẹn yóò wá máa gba bí 33,700 lójúmọ́. Dírípù máa ń lo bíi 90 nínú 100. Ẹ wá rí i pé táńkà mẹ́ta tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá, bí kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ lítà 10,000, kò tó omi ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé ẹ kò tiraka. Oko náà ló ju omi lọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn | 7 oṣù Kẹwàá

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ táńkà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ti wọn kànga. Láti ẹnu rẹ̀ dé ojú omi, mítà 5. Ìbú rìǹgì láti inú, mítà 1. Mo fi pọ́ǹpù ọ̀rẹ́ mi fa á sílẹ̀ ní mítà méjì. Ó gbà á ní wákàtí méjì kó tó gùn padà ní mítà kan. Mo jókòó tì í bí Màmá ṣe wí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni omi ti ń sun, ní apá odò, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára ògiri.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹnjiníà Poro | 7 oṣù Kẹwàá

Ẹ kú iṣẹ́. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, gbogbo mítà kan omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 785. Bó bá gba wákàtí méjì, ó ń fún yín ní bí lítà 392 ní wákàtí kan, ó sì lè tó 9,400 láàárín òru àti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń gùn padà sókè ni yóò máa fà sẹ́yìn, nítorí náà ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má fà á gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ sì lọ sùn.

Iye ti oṣù Kẹwàá nìyẹn. Màmá ti sọ ti oṣù Kẹta. Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ju ìdajì lọ ṣètò, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú lítà 4,000. Pẹ̀lú dírípù, 3,600 yóò dé gbòǹgbò. Ẹ fi mìlímítà 5 ọjọ́ kan yẹn pín in, ó jẹ́ 720 mítà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ bí 669. Pulọ́ọ̀tì kan ni kànga yín lè bọ́ dé òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́fà irú rẹ̀ ló wà nínú éékà yín.

Ní ti pọ́ǹpù ńlá tí ẹ bèèrè: ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 20 sẹ́nu họ́ọ̀sì rẹ̀. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, lítà 2 ló ń tú ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, 7,200 ní wákàtí. Omi tó gba kànga yín ní wákàtí méjì láti sun, kò ní gbà á tó ìṣẹ́jú méje láti fà á tán. Lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ ni yóò máa fà.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ | 7 oṣù Kẹwàá

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Gbájú mọ́ pulọ́ọ̀tì kan, ọmọ mi. Má jẹ́ kó tì ọ́ lójú lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Pulọ́ọ̀tì kan tó mu omi yó yóò mú owó wálé ju éékà kan tí òùngbẹ pa lọ, mo ti gbìn ín ní ọ̀nà méjèèjì.

Òjò ṣì kù nílẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ bọ pulọ́ọ̀tì márùn-ún tó kù, kò ní bèèrè omi lọ́wọ́ rẹ. Etí odò tí omi ṣì wà, gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí i báyìí. Tẹ̀tẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí a fi ń já a. Kí odò tó gbẹ, o ti tà á, o ti fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn.

Ìgbà tí o gbìn náà dá kún un. Oṣù Kejìlá ti pẹ́ jù fún ẹni tí kò ní odò ńlá. Bí o bá kó tòmátì kúrò ní nọ́sìrì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, yóò máa tanná ní Kejìlá, wàá máa ká a láti àárín oṣù Kìíní wọ oṣù Kejì. Ìgbà tí òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ jù yóò bọ́ sí ìgbà tí kànga ṣì lókun. Rodo máa ń pẹ́ lórí ilẹ̀, mú un ní ìwọ̀nba, bóyá ebè mẹ́rin.

Ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú | 8 oṣù Kẹwàá

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí ẹni tó ń sin ẹja nítòsí yín? Omi adágún ẹja àrọ̀ tí a ń pààrọ̀, gọ́tà là ń dà á sí, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti ń darí tèmi sí oko ilá àti ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, n kì í ra ajílẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sáà má dà á sórí ewé tí ẹ máa já tà lọ́la, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dà á sí.

Ọmọ Àjàṣẹ́ | 8 oṣù Kẹwàá

Mo gba èyí gbọ́. Níhìn-ín l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹja, adìyẹ, ẹ̀fọ́, ìdọ̀tí ọ̀kan ni oúnjẹ èkejì. Kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ lọ wò ó.

Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀ | 8 oṣù Kẹwàá

Mo ti yí ohùn padà o, ẹ̀gbọ́n Ṣakí, ẹ ṣeun. Ìbéèrè mi: omi mítà 5 ni báyìí, bó bá wá lọ sí mítà 8 nínú oṣù Kẹta, ṣé pọ́ǹpù bẹntiróòlù á ṣì fà á?

Ará Ṣakí | 8 oṣù Kẹwàá

Kò ní fà á. Pọ́ǹpù tó jókòó sórí ilẹ̀ kì í fa omi dáadáa mọ́ bó bá ti ju bíi mítà 7 lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á ra tuntun, kò ní fà á bákan náà.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, gbogbo yín. Ẹ má ṣe gbé pọ́ǹpù bẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga nítorí kó lè súnmọ́ omi. Èéfín rẹ̀ kò níbi tí yóò gbà jáde, májèlé tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn tí yóò kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ pa pọ́ǹpù náà kò ní gòkè mọ́, ẹni tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á là yóò bá a lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan tí mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Pọ́ǹpù oníná tí a ń rì sínú omi ni kí ẹ lò, kékeré rẹ̀ wà tí sólà lè gbé. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, iye tí bẹntiróòlù ń gbà lórí oko ẹ̀ẹ̀rùn kọjá sísọ.

Ọmọ Òkè-Ògùn | 12 oṣù Kẹwàá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti pinnu láti gbájú mọ́ pulọ́ọ̀tì kan. Owó tí mo rò pé kò ní ṣe ju ohun kan lọ, nígbà tí oko ti dínkù, ó ti ká mẹ́ta: pọ́ǹpù kékeré tí a ń rì sómi pẹ̀lú sólà, táǹkì lítà 2,000, àti dírípù pulọ́ọ̀tì kan. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ni kí n máa ṣí i?

Ẹnjiníà Poro | 12 oṣù Kẹwàá

Ebè 18 tó gùn ní mítà 36, ojú ihò kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, ó jẹ́ ihò 2,160. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń kán lítà 1 ní wákàtí, 2,160 ni gbogbo rẹ̀, táǹkì yín kò ní pé wákàtí kan tí yóò fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń so, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́ ni, ẹ pín in sí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, kí táǹkì lè kún láàárín méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ìdajì rẹ̀ tó. Ẹ gbé táǹkì sórí pèpéle tó ga tó mítà kan ààbọ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́nu páìpù. Ẹ máa fọ asẹ́ yẹn lójoojúmọ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé aago nìkan. Ẹ ti ìka ọwọ́ bọ ilẹ̀ jìn, ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ẹ fún un lọ́wọ́. Bó bá dì mọ́ra tí kò ro omi, ó tó. Bó bá tú ká bí gààrí, ó ti pẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ | 13 oṣù Kẹwàá

Kí o sì bo ìdí wọn. Koríko gbígbẹ, pòpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́, èèpo ẹ̀pà, ohun tó bá wà. Kó nípọn tó ìka mẹ́rin, má jẹ́ kó kan igi tòmátì fúnra rẹ̀. Bí ikán bá pọ̀ lóko rẹ, máa gbọ̀n ọ́n wò. Lọ́sàn-án oṣù Kejì, bí aago méjì, kì ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: ilẹ̀ tútù, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ibi tí a kò bò, ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, yóò jó ọ lọ́wọ́.

Ohun kan kù. Bí ìdí èso tòmátì bá ń dúdú, tó ń rọ̀, má sáre ra oògùn. Àìdọ́gba omi ló máa ń fà á: òùngbẹ lónìí, àkúnya lọ́la. Òun náà ló ń mú kó sán.

Ará Ṣakí | 13 oṣù Kẹwàá

Mo fi kún ti Màmá. Bí igi tòmátì bá rọ nígbà tí ilẹ̀ tutù, gé e nítòsí ilẹ̀, fi ojú ibi tí o gé sínú ife omi tó mọ́. Dúró díẹ̀. Bí o bá rí ohun funfun bíi wàrà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí okùn tín-ínrín, àrùn ni, omi kọ́. Fà á tu, sun ún, má sì gbin tòmátì tàbí ata síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn | 22 oṣù Kejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ní kí n má padà wá lọ́wọ́ òfo.

Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní la ti ń ká tòmátì. A ti ká a lẹ́ẹ̀meje. Odò gbẹ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo wo òkúta rẹ̀, mo kọjá lọ. Tẹ̀tẹ̀ etí odò ti di owó tipẹ́, ẹ̀gẹ́ sì dúró.

Ohun tó dà mí láàmú: nínú oṣù Kejìlá, ebè márùn-ún kò rómi. Mo rò pé pọ́ǹpù ni. Mo ṣí asẹ́, mo bá nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ bí ilá, ó ti dí i pátápátá. Funfun ni táǹkì tí mo rà, oòrùn ń wọ inú rẹ̀, ohun yẹn sì ń hù níbẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo kùn ún ní dúdú, mo sì ṣí ẹnu ìparí okùn kọ̀ọ̀kan kí omi lè gbá ìdọ̀tí jáde. Kò tún hù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, dúdú ni kó rà.

Mo tún wọn kànga lánàá, pẹ̀lú okùn yẹn náà. Omi ti lọ sí mítà 7 sí ẹnu. Mítà kan gba wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ kó tó gùn padà.

Ẹnjiníà Poro | 22 oṣù Kejì

785 sí 4.5, lítà 174 ní wákàtí, bí 4,200 lójúmọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá kà á.

Àmọ́ oṣù Kẹta ń bọ̀, yóò tún lọ sílẹ̀. Tòmátì tí ẹ ti ká tó bẹ́ẹ̀ ti ń parí, ẹ pa omi rẹ̀ dé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ebè rodo mẹ́rin yẹn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ | 23 oṣù Kejì

Ọlọ́run ṣeun. Ìyàwó rẹ ńkọ́?

Tún kànga náà wọ̀n ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, kọ ọ́ sára ògiri ilé oko rẹ pẹ̀lú ẹédú. Iye yẹn ni wàá fi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọmọ Òkè-Ògùn | 23 oṣù Kejì

Ó wà o, Màmá, ó ní kí n kí yín. Òun ló ń ká rodo lọ́wọ́ báyìí. Okùn náà wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, kókó méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀. N óò wọ̀n ọ́n.